Ọmọ Olúmọ Lábẹ́ Àpáta Edinburgh

Títí di òní, bí aago bá ti lu kan lọ́sàn-án, etí mi a máa retí ìró àgbá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti kúrò ní Edinburgh, olú-ìlú Scotland, tí mo ti padà sílé ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbàgbé ohun tó bá ti mọ́ ọn lára. Lójoojúmọ́ ní ìlú náà, àyàfi ọjọ́ Ìsinmi, Ọjọ́ Ẹtì Rere àti ọjọ́ Kérésìmesì, àwọn ológun máa ń yin àgbá kan láti orí odi ìlú ní agogo kan ọ̀sán gan-an. Ọdún 1861 ni àṣà yìí bẹ̀rẹ̀. Nítorí àwọn atukọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté Leith ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kí wọ́n lè máa fi ìró rẹ̀ tún aago inú ọkọ̀ wọn ṣe. Nígbà tí èmi dé ibẹ̀, rédíò ti wà, kò sí atukọ̀ tó tún ń dúró de àgbá kó tó mọ iye tí aago lù. Síbẹ̀ wọn ò dẹ́kun àtimáa yìn ín.

Bàbá kan tó ń gbé lókè ilé wa, tó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Leith títí ó fi fẹ̀yìn tì, ni mo bi léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, "Bí wọn ò bá yìn ín, kí ni yóò sọ fún wa pé a ṣì wà níbí?" Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tí kò níṣẹ́ ṣe mọ́ ni. Nísinsìnyí tí èmi náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo ti wá mọ̀ pé kò sí ohun tí mo kọ́ ní Edinburgh, títí kan iṣẹ́ dókítà tí mo tìtorí rẹ̀ lọ, tó jinlẹ̀ tó ìdáhùn yẹn.

Abẹ́ Olúmọ ni wọ́n bí mi sí. Aláró ni ìyá mi, ọjà Ìtòkú ló ti ń ta àdìrẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, mo sì wọ ọkọ̀ òkun Aureol ní Àpápá. Ìyá mi di gàrí, ẹ̀gúsí àti ata gígún sínú àpótí mi, ó sì fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan bò wọ́n lórí. A ya Freetown, a ya Las Palmas, ní ọjọ́ kẹtàlá a gúnlẹ̀ sí Liverpool. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àríwá. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dé, èéfín èédú sì bo ojú ọ̀run. Gbogbo ilé tí mo rí nínú ìmọ́lẹ̀ iná títì ló dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ń gbọ́ òórùn kan tó jọ ti ọkà tí wọ́n ń rẹ fún ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, n kò sì mọ ibi tó ti ń wá. Ẹ̀rù bà mí ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí títì tí wọ́n ń pè ní Princes Street. Mo gbójú sókè, mo sì rí àpáta dúdú kan tó dìde dúró láàárín ìlú, odi òkúta wà lórí rẹ̀, àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó rò ó: "Olúmọ rè é!" Ẹ̀rù tó bà mí lóru kúrò lára mi. Ìlú tó bá fi àpáta ṣe ibi ìsádi, mo mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun tú àwọn baba wa ká nínú igbó Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá ní ọdún 1830, abẹ́ àpáta ni wọ́n sá sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Edinburgh ṣe fi àpáta tiwọn ṣe odi sí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Òkè oníná tó ti kú láti ayébáyé ló fi àpáta náà sílẹ̀. Òkè mìíràn bíi tirẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn ìlú, wọ́n ń pè é ní Arthur's Seat, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 251. Lára àwọn òkúta tó wà nítòsí ibẹ̀ ni James Hutton, ọmọ ìlú náà, ti kẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1780 sí 1790 tó fi sọ fún aráyé pé ilẹ̀ ayé yìí dàgbà ju bí wọ́n ṣe rò lọ fíìfíì. Ilé tó pẹ́ jù lọ ní Edinburgh wà lórí àpáta yẹn gan-an, ilé àdúrà kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1130 ní ìrántí Ayaba Margaret. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ inú rẹ̀, mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, mo sì ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi pé nígbà tí wọ́n ń to òkúta yìí, Abẹ́òkúta ṣì jẹ́ igbó.

Láti ẹnu ọ̀nà odi, títì kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ààfin Holyrood ní ìsàlẹ̀. Royal Mile ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ọ̀pá ẹ̀yìn ìlú àtijọ́. Ìlú náà ní odi yí ká, àyè kò sì sí láti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ni wọ́n bá ń kọ́lé lọ sókè. Kó tó di pé ọdún 1700 pé, ilé alájà mẹ́wàá ti wà níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé agboolé tí wọ́n nà dúró ni. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gùn: tálákà ń gbé nísàlẹ̀ pátápátá àti lókè téńté, adájọ́ àti ọlọ́lá wà láàárín, wọ́n sì ń kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀. Kò sí kòtò ìdọ̀tí. Tó bá di agogo mẹ́wàá alẹ́, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń da omi ìdọ̀tí àti ìgbọ̀nsẹ̀ sí títì, wọn a kígbe "gardyloo" kí ẹni tó ń kọjá lọ lè yà. Èyí ni mo fi ń dáhùn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó pẹ̀gàn ilẹ̀ wa. Kò sí ìlú tí kò ní ìgbà èwe.

Nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́, wọ́n pinnu láti kọ́ ìlú tuntun. Adágún omi kan wà ní àríwá àpáta náà, Nor' Loch, tí ìdọ̀tí ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ti kún. Wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, James Craig, ni àwòrán ìlú tuntun tirẹ̀ gbégbá orókè, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1767. Àwọn títì rẹ̀ gún régé, wọ́n fẹ̀, àwọn ilé rẹ̀ sì bá ara wọn dọ́gba. Erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nínú ìpìlẹ̀ àwọn ilé náà ni wọ́n kó jọ sí àárín adágún tó gbẹ, tó di ọ̀nà láti ìlú tuntun lọ sí ti àtijọ́. Òkìtì náà wà níbẹ̀ títí di òní, The Mound ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n kọ́ tuntun, wọn ò wó àtijọ́. Àwọn ọlọ́rọ̀ kó lọ sí ìlú tuntun, tálákà ṣẹ́ kù sínú ìlú àtijọ́, ó sì di àgbègbè ìṣẹ́ àti àrùn fún ìgbà pípẹ́. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ilé dúró. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ilé sí ní Princes Street, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ fún ọgbà òdòdó, kí ẹni tó wà nínú tuntun lè máa rí àtijọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Edinburgh mọyì àkísà rẹ̀. Ní ọdún 1995, ìlú méjèèjì, àtijọ́ àti tuntun, wọ inú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Yàrá tí mo máa gbé ni wàhálà mi àkọ́kọ́. Nígbà yẹn, wọ́n máa ń lẹ káàdì mọ́ fèrèsé ilé ìtajà láti polówó yàrá, àwọn mìíràn a sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú. Ní àgbègbè Marchmont, mo kan ilẹ̀kùn obìnrin kan ní àjà kẹta ilé olókùúta kan. Ó wò mí, ó ní ẹnìkan ti gba yàrá náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì káàdì rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé. Ọlọ́run ṣe é, opó kan ní ìsàlẹ̀ ilé kan náà gbà mí. Yàrá náà tutù, mítà gáàsì tí mo ń fi ṣílè kọ̀ọ̀kan bọ́ kì í sì í yó. Ojoojúmọ́ ni èmi àti obìnrin òkè yẹn ń pàdé lórí àtẹ̀gùn. Bí mo bá kí i, á kọjú sí ògiri.

Lẹ́yìn ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1962, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Àwọn tó ti dàgbà níbẹ̀ ní àwọn ò rí irú ọ̀gìnnìtìn bẹ́ẹ̀ rí. Títí di oṣù Kẹta ọdún 1963 ni ilẹ̀ fi dì gbagidi. Ẹ má gbàgbé pé ọdún tuntun ni ọdún ńlá àwọn ará Scotland, kì í ṣe Kérésìmesì. Ìjọ tí John Knox dá sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún kò fẹ́ ayẹyẹ Kérésìmesì rárá. Ọdún 1958 ni ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìsinmi ìjọba níbẹ̀. Òru tí ọdún ń parí lọ ni gbogbo wọn ń dúró dè. Hogmanay ni wọ́n ń pè é.

Ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀ òru ọjọ́ náà, bàbá òkè wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó gbé kóólù kan lọ́wọ́, ó tún mú bísíkíìtì oníbọ́tà àti ìgò ọtí wisikí kékeré dání. Ó ní òun wá bẹ̀ mí. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ wọ ilé lẹ́yìn tí aago bá lu méjìlá ló ń gbé oríire ọdún wọlé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin, ó sì gbọ́dọ̀ dúdú. Irun dúdú ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n bàbá náà ní, "Ta ló wà nínú ilé yìí tó dúdú ju ìwọ lọ?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀wọ̀ ló wà lójú rẹ̀. Mo ro ti wa nílé, pé àwa náà mọ ẹsẹ̀ tó ń mú ire wọlé, a sì ń sọ pé ẹsẹ̀ ìyàwó kan dára. Mo wọ agbádá tí bàbá mi fún mi lé orí súwẹ́tà, mo gbé kóólù náà.

Àwọn agogo ìjọ lù. Ọkọ̀ òkun tó wà ní Leith fọn fèrè, a gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀kùn ilé náà jẹ́ mẹ́jọ, mo wọ gbogbo wọn. Wọ́n ń gba kóólù lọ́wọ́ mi, wọ́n ń fi sínú iná, wọ́n ń gbọ̀n mí lọ́wọ́, wọ́n ń súre fún mi. Nígbà tí a dé àjà kẹta, ẹsẹ̀ mi wúwo. Obìnrin yẹn ṣílẹ̀kùn. Ó wo agbádá mi, ó wo ojú mi. Ó pẹ́ díẹ̀ lójú mi, bóyá kò pẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì gba kóólù náà, ó ní, "Wọlé wá, òtútù ń mú ọ." Mo jẹ kéèkì dúdú rẹ̀, ó le bí òkúta, ó dùn. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò sì bi í ní nǹkan kan. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ti ń jẹ́ ìkíni mi lórí àtẹ̀gùn. Mo ti rò ó fún ọgọ́ta ọdún, ibi tí mo dé sí ni pé òfin kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kò sí òfin kankan nígbà náà. Àṣà ni. Àṣà àwọn baba rẹ̀ lágbára ju ìbẹ̀rù rẹ̀ lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wa wà ní Teviot Place. Láti Marchmont, inú pápá gbalasa tí wọ́n ń pè ní The Meadows ni mo ń gbà, mo ń kọjá lábẹ́ egungun àgbọ̀n ẹja àbùùbùtán tí wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Yunifásítì náà ti wà láti àwọn ọdún 1580. Wọ́n fi egungun William Burke hàn wá. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Hare, pa ènìyàn mẹ́rìndínlógún ní ọdún 1828, wọ́n sì ń ta òkú wọn fún Dókítà Robert Knox tó ń kọ́ni nípa ẹ̀yà ara. Wọ́n so Burke kọ́ ní oṣù Kìíní 1829, adájọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n gé òun náà wò. Bákan náà ni wọ́n fi ilé tí James Young Simpson ti fi ara rẹ̀ dán oògùn kilorofọ́ọ̀mù wò ní ọdún 1847 hàn wá, oògùn tó mú ìrora ìrọbí àti ti iṣẹ́ abẹ fúyẹ́. Ojú wọn kì í ti ìtìjú wọn, wọn kì í sì í gbàgbé ògo wọn. Méjèèjì ló wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù.

Èyí ló mú mi wá sórí ohun tó ń dùn mí. Fún ọdún mẹ́fà, mo mọ ibi tí Charles Darwin jókòó sí. Mo mọ̀ pé Arthur Conan Doyle kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, àti pé Julius Nyerere, tó di Ààrẹ Tanganyika ní òpin ọdún tí mo dé, gba oyè rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1952. Ṣùgbọ́n mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo sì padà sílé, kí n tó mọ ìtàn àwọn tiwa.

James Africanus Horton, ọmọ tí àwọn òbí tó jẹ́ Ìbò bí ní Sàró, gba oyè dókítà rẹ̀ ní Edinburgh ní ọdún 1859. Obadiah Johnson gba tirẹ̀ ní ọdún 1889. Johnson yìí ni àbúrò Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel fi ogún ọdún kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Samuel fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1901, dókítà yìí ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tó tún ìwé náà kọ. Ọdún 1921 ni ó jáde, lẹ́yìn tí òun náà ti kú. Kò sí Yorùbá tó mọ̀wé tí kò jẹ gbèsè ọkùnrin yìí. Mo tẹ ilẹ̀ tó tẹ̀, n kò mọ̀.

Dókítà Richard Akinwande Savage náà ńkọ́? Ọmọ Èkó ni, ó gba oyè ní Edinburgh ní ọdún 1900, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin ará Scotland. Ní ìlú náà ni wọ́n bí ọmọ wọn, Agnes Yéwándé, sí ní ọdún 1906. Ẹ rántí pé ní ọdún 1870, nígbà tí obìnrin méje kan fẹ́ kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, àwọn ọkùnrin di ẹnu ọ̀nà Surgeons' Hall mọ́ wọn, wọ́n sì ń ju ẹrẹ̀ lù wọ́n. Ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó gba obìnrin láyè láti gboyè. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni Yéwándé gbà kọjá. Ní ọdún 1929 ó gboyè, ó di obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di dókítà, ó sì lọ tọ́jú aláìsàn ní Gold Coast. Ọdún 1964 ló kú. Mo wà ní Edinburgh ní ọdún náà, mo ń sáré lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ̀bi ta ni? Tiwa ni. Ìlú onílùú kò lè bá wa rántí àwọn ọmọ wa bí àwa fúnra wa kò bá rántí wọn.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ọjọ́ mi níbẹ̀ jẹ́ ti ìwé àti òtútù. Bí oṣù Kẹjọ bá dé, ìlú a yí padà. Ní ọdún 1947, nígbà tí ọgbẹ́ ogun ṣì tutù, wọ́n dá àjọ̀dún orin àti eré orí ìtàgé sílẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè tó bára wọn jà lè jókòó gbọ́ orin kan náà. Ẹgbẹ́ òṣèré mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò pè wá síbẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n ṣe eré tiwọn ní ẹ̀bá. Àwọn aláìpè yẹn ló bí Fringe, tó wá tóbi ju àjọ̀dún tí wọ́n pè lọ. Láti ọdún 1950 sì ni àwọn ológun ti ń ṣe àfihàn wọn lóru níwájú odi, tìlù-tìfèrè. Fèrè alápò wọn kì í sọ̀rọ̀ bíi dùndún, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku ẹyọ afunfèrè kan ṣoṣo lórí ògiri odi nínú òkùnkùn, omi a máa bọ́ lójú àgbà ọkùnrin. Aṣọ onílà tí wọ́n ń wọ̀ ní orúkọ ìdílé, bí ẹni ń wo ilà ojú ni wọ́n ṣe ń wò ó.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìbí akéwì Robert Burns, wọn a gbé haggis wọlé. Ẹ̀dọ̀, ọkàn àti fùkù àgùntàn ni, tí wọ́n gé pọ̀ mọ́ ọkà oat, tí wọ́n sì sè nínú àpòlúkù ẹran náà. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, ẹnìkan a dìde, a sì ké ewì tí Burns fi yìn ín. Àwọn òyìnbó yòókù a máa yínmú sí i. Èmi tí mo jẹ orógbó nínú ilé tí a ti ń ki obì, tí mo jẹ ṣàkì àti àbọ́dì láti kékeré, mo jókòó pẹ̀sẹ̀, mo sì béèrè sí i.

Ìlú náà ní àbùkù rẹ̀. Ní St Andrew Square, òpó gíga kan wà tí wọ́n kọ́ ní ìrántí Henry Dundas. Ní ọdún 1792, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń jíròrò láti fòpin sí òwò ẹrú, òun ló ki ọ̀rọ̀ náà "díẹ̀díẹ̀" bọ inú rẹ̀. Ọdún 1807 ni òfin tó jáde. Mélòó ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó sọdá òkun nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn? Owó oko ìrèké Jàmáíkà sì wà nínú díẹ̀ lára àwọn ilé ẹlẹ́wà ìlú tuntun yẹn. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n lẹ àkọlé tuntun mọ́ ìdí òpó náà tó sọ ohun tí Dundas ṣe síta. Àwọn kan ṣì ń bá wọn jà lórí rẹ̀. Kí wọ́n máa jà á. Ìtàn tí wọ́n ń jà lé lórí kò tí ì kú.

Wọ́n sì ti wólé rí. Ojú mi ló ṣe nígbà tí wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní George Square ní àwọn ọdún 1960 láti kọ́ ilé gogoro onísìmẹ́ńtì. Ojú bàbá òkè pọ́n lọ́jọ́ náà. Ó ní ènìyàn lè ra òkúta, kò lè ra ọjọ́ orí òkúta.

Ní oṣù Keje ọdún 1967, ogun bẹ́ sílẹ̀ nílé. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gé òkú wò, tí a jọ ń dá owó gáàsì, ọmọ Ìbò ni. A jókòó ti rédíò pa pọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. A kò bá ara wa jà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó bu ẹ̀kún, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Títí a fi parí ẹ̀kọ́ ni a jọ gbé.

Ọdún 1968 ni a gboyè ní McEwan Hall. Ọlọ́tí kan, William McEwan, ló fi owó rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1897. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé òórùn ọkà tó pàdé mi lóru ọjọ́ tí mo dé náà ló gbé òrùlé lé mi lórí lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Wọ́n fi fìlà dúdú kan kàn mí lórí. Ìtàn wọn ni pé ara ṣòkòtò John Knox ni wọ́n ti rán fìlà yẹn. Bóyá òótọ́ ni, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n fìlà yẹn ni wọ́n ti fi kan orí àwọn tó ṣáájú mi láti ìran dé ìran, èyí nìkan ti tó fún mi.

Mo tún padà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọdún 2012, èmi àti ọmọbìnrin mi. Wọ́n ti fọ èéfín kúrò lára ọ̀pọ̀ òkúta náà, wọ́n ń dán bí oyin. Ilé ìwòsàn ńlá tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Lauriston Place ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú ní ọdún 2003, wọ́n ti sọ ilé àtijọ́ rẹ̀ di ibùgbé, ṣùgbọ́n ilé ìṣọ́ onígogo rẹ̀ ṣì dúró. Òórùn ọkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A dúró ní Princes Street. Aago lu kan, àgbá dún, ọmọ mi ta gìrì. Àwọn ará ìlú wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ń bá tiwọn lọ.

Nígbà tí mo padà dé Abẹ́òkúta, mo lọ sí ilé tí ìyá mi ti ń pa aró. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti wó o kí n tó dé láti Scotland, wọ́n sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, èmi náà sì fi owó sí i. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ibi tí ìkòkò aró wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí mo ṣe dúró lágbàlá yẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá òkè sọ sí mi lọ́kàn: kí ni yóò sọ fún wọn pé a ti wà níbí?

Ẹ̀yin ọmọ mi, a kò ní òkúta tó pọ̀ tó ti Edinburgh, amọ̀ ni baba wa fi mọlé, òjò sì ti wó o. Ṣùgbọ́n ẹnu ń bẹ, ìwé ń bẹ. Obadiah Johnson fi yé wa pé ohun tó ti sọnù ṣeé tún kọ bí ẹnìkan bá lè jókòó tì í. Ẹ lọ bá àgbà tó kù ní agboolé yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ béèrè orúkọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà orúkọ ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn.

Èmi ra ìwé kan ní ọjà. Mo ti kọ ojú ewé mọ́kànlélógójì. Orúkọ ìyá mi ló wà ní ojú ewé kìíní, pẹ̀lú orúkọ obìnrin tó kọ́ ọ ní aró. Orúkọ ẹni tó kọ́ obìnrin yẹn ni mo ṣì ń wá kiri.